Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Ẹni Tí Owó Oṣù Rẹ̀ Pọ̀ Máa Ráhùn?

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 31:1-16 àti 36-42, Mátíù 20:1-16, Nehemáyà 5:14-19.

Àfojúsùn: Kí a lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀tọ́ tí a ń bèèrè àti ojúkòkòrò tí ó wọ aṣọ ẹ̀tọ́.



Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń fa ìkanra láàárín wa bí a bá jókòó pọ̀. Arábìnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì yóò ní owó oṣù òun kò tó òun ná. Arábìnrin tí ó jókòó tì í, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yóò wò ó tìyanutìyanu. Yóò sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Bí ìwọ tí o ń gba ìlọ́po mẹ́fà owó mi bá ń ráhùn, kí ni kí èmi sọ?” Ìtìjú yóò pa ẹnu ẹni àkọ́kọ́ mọ́, ìbínú yóò sì kún inú ẹnì kejì. Kò sí èyí tí ó ran èkejì lọ́wọ́ nínú àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ wọn ní òótọ́ díẹ̀ nínú.

Ìdáhùn méjì ni ó máa ń yá wa lẹ́nu. Èkíní ni pé ẹni tí Ọlọ́run bá ti fún ní púpọ̀ kò ní ẹnu àtisọ̀rọ̀ mọ́. Èkejì ni pé kò sí ẹni tí owó oṣù rẹ̀ tó o, nítorí náà kí olúkúlùkù máa jà fún ti ara rẹ̀. Bí a bá wo Ìwé Mímọ́ dáadáa, àwọn méjèèjì kò dúró. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. JÁKỌ́BÙ: ẸNI TÍ Ó LÓWÓ LÈ NÍ Ẹ̀SÙN TÍ Ó TỌ́

Nígbà tí Jákọ́bù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹ̀sùn rẹ̀ sí Lábánì, kì í ṣe tálákà mọ́. Ẹsẹ tí ó kẹ́yìn orí 30 sọ fún wa pé ọkùnrin náà ti di ọlọ́rọ̀ gidigidi, ó ní agbo ẹran, ìránṣẹ́ lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ràkúnmí àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Síbẹ̀, ó ní àna òun ti tan òun jẹ, ó sì ti yí owó ọ̀yà òun padà ní ìgbà mẹ́wàá. Ó ka iṣẹ́ rẹ̀: ogún ọdún, oòrùn lọ́sàn-án, òtútù lóru, oorun tí kò kún ojú. Ẹran tí ẹranko búburú bá pa, òun ni ó ń san án.

Ọlọ́run kò bá a wí pé, “Ṣé ìwọ náà kò ti lówó?” Ohun tí ó ṣe ni pé ó wo ìpọ́njú rẹ̀ àti làálàá ọwọ́ rẹ̀, ó sì bá Lábánì wí lóru. Ẹ ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé Léà àti Rákélì sọ tiwọn. Wọ́n ní bàbá wọn ti tà wọ́n, ó sì ti jẹ owó wọn tán. Obìnrin méjì tí wọ́n kì í rẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ owó tí a fi ẹ̀tàn gbà, ohùn wọn ṣọ̀kan.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé bí owó ẹnìkan ṣe pọ̀ tó kọ́ ni a fi ń mọ̀ bóyá a ti rẹ́ ẹ jẹ. Àdéhùn ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ṣèlérí iye kan fún ọ, tí wọn kò san án. Bí wọ́n bá fi ọkùnrin tí ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tí ẹ jọ ní ìwé ẹ̀rí kan náà, ṣáájú rẹ nínú owó. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí wọn kò rí ọ sanwó, ẹ̀sùn rẹ tọ́, ìbáà jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà ni ó ń wọlé fún ọ lóṣù.

2. OWÓ TÍ Ó PỌ̀ LÓRÍ ÌWÉ, TÍ KÒ PỌ̀ LỌ́JÀ

Ìdí kejì tún wà tí ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ lè ráhùn pẹ̀lú ẹ̀tọ́. Ó lè jẹ́ pé owó rẹ̀ kò pọ̀ bí ó ṣe rí lójú. Àwa tí a ń ná ọjà mọ èyí ju àwọn tí ń kọ ọ́ sínú ìwé lọ.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti dópin. Jálá epo kan tí kò tó 200 náírà sún mọ́ 500 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí yóò sì fi di òpin ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní oṣù Kẹfà 2023 kan náà, wọ́n tú owó náírà sílẹ̀ lọ́jà pàṣípààrọ̀. Dọ́là kan tí ó jẹ́ nǹkan bí 460 náírà kọjá 1,500 ní ọdún 2024.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Ẹni tí ó ń gba 500,000 náírà lóṣù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ń gba ohun tí ó lé ní 1,080 dọ́là. Lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀, 500,000 kan náà kò ju nǹkan bí 330 dọ́là lọ. Kì í ṣe pé gbogbo wa ń fi dọ́là ra ẹ̀fọ́ o, ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀yà ara ọkọ̀, ìwé ilé ìwé àti àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, òkè òkun ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá.

Ìṣirò tí ìjọba gbé jáde fún oṣù Kejìlá 2024 fi hàn pé iye owó ọjà ti fi 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí ti ọdún tí ó ṣáájú. Ká ní ilé iṣẹ́ kan fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ẹni tí ń gba 500,000 ní ọdún náà, tí ó di 550,000. Ọ̀gá rẹ̀ yóò ní òun ti ṣe é lóore. Ṣùgbọ́n ohun tí 550,000 yẹn rà kò ju ohun tí nǹkan bí 408,000 rà lọ́dún tí ó kọjá. Wọ́n fi kún un lórí ìwé, ọjà sì ti gbà á padà pẹ̀lú èlé. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní nǹkan kò lọ déédéé, kì í ṣe aláìmoore.

Ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn dókítà wa pẹ̀lú. Ní ọdún 2021, àwọn dókítà tí wọ́n ṣì ń gba ìmọ̀ kún ìmọ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní, “Àwọn tí owó wọn pọ̀ yìí náà!” Ṣùgbọ́n nínú ohun tí wọ́n ń bèèrè ni owó oṣù tí wọ́n jẹ àwọn kan nínú wọn, àti ajẹmọ́nú ewu iṣẹ́ tí ó jẹ́ 5,000 náírà lóṣù, ní àkókò tí àrùn Kòrónà ń pa dókítà àti nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ ni ìjọba tó fi kún ajẹmọ́nú náà. Ẹ̀dùn ọkàn wa fún àwọn aláìsàn tí kò rí ẹni tọ́jú wọn kò gbọdọ̀ mú kí a sọ pé ẹ̀sùn náà kò tọ́. Ẹni tí a kò bá gbọ́ ẹ̀sùn rẹ̀ nílé yóò wá ibi tí wọn yóò ti gbọ́ ọ. Èyí wà lára ìdí tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa fi wà ní ilé ìwòsàn òyìnbó lónìí.

3. ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ INÚ ỌGBÀ ÀJÀRÀ: NÍGBÀ TÍ OJÚ BÁ WÀ NÍ ỌWỌ́ ẸLÒMÍRÀN

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a yí sí apá kejì. Nínú òwe Olúwa wa, àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ gba owó idẹ kan gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Kò sí ẹni tí ó rẹ́ wọn jẹ. Inú wọn ì bá dùn lọ sí ilé ká ní wọ́n kọ́kọ́ san tiwọn. Ohun tí ó ba ọkàn wọn jẹ́ ni pé wọ́n rí i tí ẹni tí ó dé ní ìrọ̀lẹ́ gba iye kan náà.

Ọmọ ènìyàn nìkan kọ́ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2003, Sarah Brosnan àti Frans de Waal ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọ̀bọ. Wọ́n ń fún ọ̀bọ ní ègé kùkúńbà fún iṣẹ́ kékeré kan, ó sì ń jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí ó rí i pé wọ́n fún ọ̀bọ kejì ní èso àjàrà fún iṣẹ́ kan náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó kọ kùkúńbà rẹ̀. Kùkúńbà kò yí padà, ojú tí ó fi ń wò ó ni ó yí padà.

Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé mẹ́rin tẹ ìwádìí mìíràn jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ Yunifásítì California. Wọ́n jẹ́ kí àwọn kan mọ ibi tí wọ́n ti lè rí iye owó oṣù àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Inú àwọn tí wọ́n rí i pé tiwọn kéré sí ti ẹgbẹ́ wọn bàjẹ́ sí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n inú àwọn tí wọ́n rí i pé tiwọn pọ̀ jù kò dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀: àfiwé máa ń ba ọkàn ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ jẹ́, kò sì mú ayọ̀ kún ti ẹni tí ó wà lókè.

Àwọn ìyá wa tí wọ́n ti dàgbà yóò rántí Udoji. Ní ọdún 1974, ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji jẹ́ alága fún gbé àbọ̀ rẹ̀ fún ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon. Owó òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó kéré jù lọ fò láti 312 náírà lọ́dún sí 720. Wọ́n tún ka ẹ̀kúnwó náà láti oṣù Kẹrin ọdún náà, tí ó fi jẹ́ pé owó àwọn oṣù tí ó ti kọjá dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975. Rédíò, alùpùpù àti fíríìjì wọ ilé. Ìdùnnú ni ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni daṣẹ́ sílẹ̀ pé kí ọ̀gá tiwọn náà san irú rẹ̀. Àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ bíi dókítà àti onímọ̀ ẹ̀rọ, tí owó wọn ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, kò dùn sí ipò tí wọ́n fi wọ́n sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀gá inú ọ́fíìsì. Ọjà náà gbọ́ ìró owó, iye owó nǹkan sì fi ohun tí ó lé ní ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ga ní 1975. Àgbẹ̀ àti ìyá aláta tí kò gba Udoji kankan ra ọjà ní iye tuntun náà.

A kò sọ pé ẹ̀kúnwó kò dára. Ohun tí a ń sọ ni pé bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni a ń wò, kò sí iye tí yóò tó wa, nítorí ẹnìkan yóò máa wà lókè wa títí ayé.

4. DÍẸ̀ DÍẸ̀ NIMÚ ẸLẸ́DẸ̀ Ń WỌGBÀ

Ọ̀nà kẹta tí àìnítẹ́lọ́rùn ń gbà wọlé kò ní ariwo nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rẹ́ wa jẹ, a kò sì wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Àìní wa ni ó ń bá owó wa dàgbà. Nígbà tí owó jẹ́ 100,000, a wọ ọkọ̀ èrò. Nígbà tí ó di 300,000, a ra ọkọ̀, ọkọ̀ sì ń jẹ epo, ó ń jẹ mẹkáníìkì. Lẹ́yìn náà, ilé ìwé ọmọ yí padà, ilé tí a ń gbé yí padà, aṣọ ẹbí tí a kì í rà tẹ́lẹ̀ di dandan. Ẹbí náà ti gbọ́ pé a ti rí jẹ, ìpè wọn ń wọlé ní òpin oṣù. Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù, a ti ń yá owó. Wòlíì Hágáì ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ń gba owó ọ̀yà sínú àpò tí ó ti jò.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Owó tí a fi ń ran ìyá wa àti ọmọ ẹ̀gbọ́n wa lọ́wọ́ kì í ṣe ìnákúnàá. Nílẹ̀ wa, ẹnìkan tí ó ní iṣẹ́ ni owó ìfẹ̀yìntì àti ilé ìwòsàn fún ẹni mẹ́wàá. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Bí arábìnrin kan bá ní owó òun kò tó nítorí pé ọmọ mẹ́rin tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó ń rán ní ilé ìwé, kí a gbé e ró, kí a má bá a wí. Ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tí ayẹyẹ àti ìdíje ń jẹ owó rẹ̀, tí ó sì ń pe ọ̀gá rẹ̀ ní ahun.

John Wesley fi ọ̀nà kan hàn wá. Nínú ìwàásù kan, ó sọ nípa ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Mẹ́tọ́díìsì àkọ́kọ́ ní Oxford. Ọ̀pọ̀ gbà pé ara rẹ̀ ni ó ń sọ. Nígbà tí ó ń gba 30 pọ́n-ùn lọ́dún, ó fi 28 gbé ayé, ó sì fi 2 ta ọrẹ. Lọ́dún kejì ó gba 60. Ó ná 28, ó fi 32 fún àwọn aláìní. Lọ́dún kẹta ó gba 90, ó fi 62 sílẹ̀. Lọ́dún kẹrin ó gba 120, ó fi 92 sílẹ̀. Owó ń gòkè, oúnjẹ orí tábìlì kò yí padà.

A mọ̀ pé ọ̀dọ́ tí kò ní ìyàwó tàbí ọmọ ni ó wà ní Oxford nígbà náà, a sì mọ̀ pé iye owó ọjà tiwa kò dúró lójú kan. A kò lè ṣe é bí ó ti ṣe é gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ìlànà náà dára: kí a mọ iye tí ó tó wa kí ẹ̀kúnwó tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá dé.

5. NEHEMÁYÀ: ẸNI TÍ Ó LẸ́TỌ̀Ọ́, TÍ Ó FI Ẹ̀TỌ́ SÍLẸ̀

Nehemáyà jẹ́ gómìnà fún ọdún méjìlá. Òfin fún un ní oúnjẹ gómìnà, àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ sì gbà á, pẹ̀lú ogójì ṣékélì fàdákà lórí rẹ̀. Àádọ́jọ ènìyàn ń jẹun lórí tábìlì rẹ̀, màlúù kan àti àgùntàn mẹ́fà lójoojúmọ́. Kò gba owó náà, ó sì sọ ìdí rẹ̀: ẹrù náà ti wúwo jù lórí àwọn ènìyàn.

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ wà láàárín Jákọ́bù àti Nehemáyà. Ọwọ́ Lábánì tí ó lówó ni owó Jákọ́bù ti ń wá, ọwọ́ tálákà ni ti Nehemáyà ti ń wá. Nítorí náà, kí ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ tó ráhùn, kí ó bèèrè ẹni tí yóò san ẹ̀kúnwó náà. Ní oṣù Kẹta 2018, Sẹ́nétọ̀ Shehu Sani là á mọ́lẹ̀ pé yàtọ̀ sí owó oṣù, sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba 13.5 mílíọ̀nù náírà lóṣù fún ìnáwó iṣẹ́. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà jẹ́ 18,000. Ẹ pín in wò: owó oṣù òṣìṣẹ́ 750 ni.

Ṣùgbọ́n kí a má dúró ní Àbújá. Nílé tiwa, ta ni gómìnà? Ọmọ ọ̀dọ̀, dírẹ́bà, máígáàdì, obìnrin tí ń bá wa fọ aṣọ, ọmọ tí ń bá wa tajà ní ṣọ́ọ̀bù. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ di 70,000 ní oṣù Keje 2024. Arábìnrin tí ó ń bínú pé ilé iṣẹ́ òun kò fi kún owó òun láti ìgbà tí epo ti wọ́n, ìgbà wo ni ó fi kún ti ẹni tí ń gbálẹ̀ fún un? Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà lọ sí ibi iṣẹ́, epo kan náà ni ọkọ̀ ń jẹ. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.

ÌKÁDÌÍ

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí. Ó tọ́ kí ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ ráhùn bí wọ́n bá da àdéhùn, bí wọ́n bá ṣe ojúsàájú, tàbí bí ọjà bá ti jẹ owó rẹ̀. Kí ó fi ìwé àti ọ̀wọ̀ bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí ó sì bèèrè ti ẹni tí ó kéré sí i pẹ̀lú. Kò tọ́ bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn nìkan ni ó ń wò, tàbí pé ìfẹ́ rẹ̀ ni ó ti sá ṣáájú owó rẹ̀. Ewu ńlá ni èyí, nítorí láti ibi ìráhùn tí kò ní ìdí ni ọ̀pọ̀ ti gbà dé ibi àbẹ̀tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń sọ nínú ọkàn wọn pé, “Ẹ̀tọ́ mi ni mo mú.”

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀sùn Jákọ́bù àti ẹ̀sùn àwọn òṣìṣẹ́ inú ọgbà àjàrà?
2. Báwo ni a ṣe lè gbọ́ ìṣòro arábìnrin tí owó rẹ̀ ju tiwa lọ láìjowú, kí òun náà sì sọ ọ́ láìfi ti ẹlòmíràn ṣẹ̀sín?
3. Nínú ohun tí a ń náwó lé lórí lónìí, èwo ni kò sí níbẹ̀ ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn? Èwo ni a lè fi sílẹ̀?
4. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí dókítà tàbí olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó? Ẹ sọ ìdí yín.

IṢẸ́ FÚN OṢÙ YÌÍ: Kí olúkúlùkù kọ iye tí ó ń san fún ẹni tí ń bá a ṣiṣẹ́ sílẹ̀, àti ọdún tí ó fi kún un kẹ́yìn. Kì í ṣe fún kíkà ní ìpàdé. Kí ó gbé e kalẹ̀ níwájú Ọlọ́run, kí ó sì ṣe ohun tí ó yẹ kí oṣù tó parí.

ÀDÚRÀ: Kí Olúwa fún wa ní ẹnu láti bèèrè ohun tí ó jẹ́ tiwa, ojú láti rí ohun tí ó tó wa, àti ọwọ́ tí kì í dá owó alágbàṣe dúró. Àmín.